Ẹ Ti Gba Ọmọ Náà Wọlé, Ṣé Ilé-Ìwé Yín Gbà Á?

Láti oṣù keje ni àwọn ilé-ìwé aládàáni káàkiri Ìkòròdú ti máa ń so báńà ìforúkọsílẹ̀ mọ́ géètì, láti Ọgọ́lọ́ńtọ̀ títí dé Ìmọ̀ta. Lára àwọn òbí tó ń wọlé béèrè fọ́ọ̀mù, bàbá kan á gbé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e wá, ìyá kan á mú ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ etí dání. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé kì í lé wọn. "Ẹ mú un wá, mà, a máa mójú tó o." Wọ́n á gbowó, wọ́n á kọ orúkọ ọmọ sí rẹ́jísítà. Oṣù kẹsàn-án á dé, ọmọ á wọlé, gbogbo nǹkan inú ọgbà á sì wà bó ṣe wà. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín fọ́ọ̀mù àti ọjọ́ ìwọlé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Téèpù bíríkìlà, káfíńtà kan àti ìpàdé tíṣà kan lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí òfin. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá láti ọdún 2011, òfin yẹn ló dá LASODA sílẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ọmọ tó ní ìpèníjà ara lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama, àti pé gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn. Ọdún márùn-ún ló fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò láti tún ara wọn ṣe, ó sì ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Òbí tó bá fẹ́ ilé-ìwé ìjọba, kó lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kó béèrè ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní ẹ̀ka àwọn àkàndá nítòsí. Kó tún béèrè irú ìpèníjà tí tíṣà ibẹ̀ kọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tó mọ èdè adití dáadáa lè má mọ Braille, ìwé alámì tí afọ́jú ń fi ìka kà, rárá.

Láti ojú títì dé ilé ìyàgbẹ́

Ẹ mú téèpù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Níwájú géètì ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àdúgbò wa, gọ́tà ló wà, wọ́n á sì to pákó tàbí irin lé e lórí. Àlàfo tó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1.3 lọ lè gbé táyà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́ arọ mì, ọmọ á sì dojú dé. Ẹ da kọ̀ǹkéré pẹlẹbẹ lé e, ó parí. Ní ibi tí títì ò tíì dé, tí ilẹ̀ ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ náà kó yí i padà kó máa fà á wọ́ sẹ́yìn. Táyà ńlá ẹ̀yìn á la ẹrẹ̀ kọjá; táyà kékeré iwájú ló máa ń rì.

Ó kan àtẹ̀gùn. Òṣùwọ̀n ráńpù ni 1 sí 12: bí àtẹ̀gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ráńpù á gùn ní sẹ̀ǹtímítà 180. Bó bá jẹ́ àtẹ̀gùn mẹ́ta, tó jẹ́ 45, ráńpù á gùn ní mítà 5.4. Ibí yìí ni bíríkìlà ti máa ń bà á jẹ́. Á wo ààyè tó kù níwájú ilé, á ní mítà kan àbọ̀ ti tó, á sì da ohun tó ga fíofío sílẹ̀. Wọ́n á máa pè é ní ráńpù nínú fọ́tò tí wọ́n gbé sórí Facebook, àmọ́ ọmọ tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ gùn ún á ṣubú sẹ́yìn, ẹni tó bá sì ń gbé e sọ̀kalẹ̀ kò ní lè dá kẹ̀kẹ́ dúró. Bí ààyè ò bá tó lọ́gbọọrọ, ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, kó sì ṣẹ́ kọ́nà, kí pèpéle tó tẹ́jú tó fẹ̀ ní 150 sí 150 wà níbi tó ti ṣẹ́ àti ní ẹnu ọ̀nà lókè. Kí ráńpù fẹ̀ tó 120. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó má kéré sí 90. Ẹ mọ etí rẹ̀ sókè díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kí táyà má baà yọ̀ dànù. Ẹ má lẹ táìsì sí i. Kí kọ̀ǹkéré tó gan, kí bíríkìlà fi ìgbálẹ̀ gbá ojú rẹ̀ ní ìbú kó lè rí hákohàko. Irin ìdìmú: kí ọ̀kan ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 fún àgbà, òmíràn tó nǹkan bíi 70 fún ọmọdé.

Bó bá jẹ́ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì ọmọ náà wà, ẹ má wá ẹni tí á máa pọ̀n ọ́n gòkè. Kíláàsì ló yẹ kó sọ̀kalẹ̀. Ẹ pààrọ̀ Primary 4 pẹ̀lú èyíkéyìí tó wà nísàlẹ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í fẹ́ kí wọ́n pọ̀n òun níwájú ọ̀rẹ́ òun, yàtọ̀ sí pé ẹni tó pọ̀n ọ́n lè yọ̀ ṣubú. Bí yàrá kọ̀ǹpútà bá wà lókè, ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà wá sísàlẹ̀.

Ilé ìyàgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun ló sì máa ń lé ọmọ kúrò nílé-ìwé. Àmì rẹ̀ ni pé ọmọ á jáwọ́ nínú omi mímu. Ó mọ̀ pé bí òun bá mu, òun á fẹ́ tọ̀, kò sì sí ibi tí òun lè tọ̀ sí. Orí á máa fọ́ ọ lọ́sàn-án, àìsàn ojú ìtọ̀ á wọlé, wọ́n á ní ọmọ náà ń ya ọ̀lẹ. Kẹ̀kẹ́ arọ sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70, nítorí náà ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ ní 80, kó kéré tán. 90 ló dára. Kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta: bí ọmọ bá ṣubú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ẹ ò ní lè wọlé bá a. Kí kẹ̀kẹ́ rí mítà kan àbọ̀ yí po nínú rẹ̀. Irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó gbọ́dọ̀ gba ìwúwo àgbà, torí ọmọ á fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Búlọ́ọ̀kù tó ní ihò nínú kì í di síkúrù mú. Ẹ fi kọ̀ǹkéré dí ihò náà níbi tí irin á wà, kí ẹ tó dè é. Àìṣe èyí ló ń mú kí irin náà já bọ́ kí sáà kejì tó parí.

Àga àti tábìlì tó so pọ̀, irú èyí tí ọmọ méjì ń jókòó sí, kò gba kẹ̀kẹ́. Kí káfíńtà ṣe tábìlì tó dá dúró, kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo ní gíga tó sẹ̀ǹtímítà 70 àti fífẹ̀ tó 80, kó má sì kan igi kankan sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó wá wọn ọmọ náà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tó gé pákó. Ọmọ tí iṣan ara rẹ̀ ń gan, tí kò lè fi ara rẹ̀ jókòó dáadáa, ohun tó nílò jù ni ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ̀ dirodiro, ọwọ́ kò ní dúró kọ̀wé. Ẹ fi àpótí kékeré sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ lè ká bó ṣe yẹ, kí ìdí rẹ̀ sì lọ sẹ́yìn pátápátá. Ẹ fi fóòmù tàbí rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ wé pẹ́ńsù kó lè tóbi lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lẹ etí ìwé mọ́ tábìlì.

Etí

Ní ilé-ìwé tí páànù rẹ̀ kò ní sílìn, òjò oṣù kẹfà máa ń da ẹ̀kọ́ rú fún gbogbo kíláàsì. Ti ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ etí tún burú sí i, nítorí ẹ̀rọ náà ń gbé ariwo òjò ga bó ṣe ń gbé ohùn tíṣà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí tíṣà má pariwo. Ariwo ń ba bí ẹnu ṣe ń rìn jẹ́. Kó sún mọ́ ọmọ náà, tàbí kó kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì yẹn.

Ẹ má fi í sí iwájú gan-an. Àgbọ̀n tíṣà nìkan ni yóò máa wò níbẹ̀, kò sì ní rí ẹnu àwọn ọmọ tó ń dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè kan ojú tíṣà. Bí ọmọ mìíràn bá dáhùn, kí tíṣà tún ìdáhùn náà sọ. Kó má máa sọ̀rọ̀ nígbà tó kọjú sí pátákó. Kó sì má rò pé ọmọ tó ń wo ẹnu ń rí gbogbo ọ̀rọ̀: "bá" àti "má" kò yàtọ̀ lórí ètè, bẹ́ẹ̀ ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í hàn níbẹ̀. Igba ni tíṣà pè ni, àbí igbá? Ojú pátákó ló máa sọ ọ́.

Ẹ̀rọ etí fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àyẹ̀wò láràárọ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Tíṣà á dúró sẹ́yìn ọmọ ní nǹkan bíi mítà kan, á fi ìwé bo ẹnu, á sì pe ìró mẹ́fà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Daniel Ling ṣà jọ: m, u, a, i, ṣ, s. Ọmọ á tún ohun tó gbọ́ sọ, tàbí kó na ọwọ́. Kí tíṣà máa yí bó ṣe ń tò wọ́n padà, torí ọmọ gbọ́n, á há wọn sórí. Bó bá ń gbọ́ s lánàá tí kò gbọ́ ọ lónìí, ẹ wo bátìrì, ẹ wo róbà tó wọ inú ihò etí bóyá ìdọ̀tí ti dí i. Bí ẹ̀rọ bá ń súfèé, róbà yẹn kò jókòó dáadáa, tàbí kó jẹ́ pé ọmọ ti dàgbà tó ti kéré jù fún un. Kí wọ́n lọ ṣe òmíràn. Ọsibítù LUTH àti LASUTH ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun tí wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀.

Bátìrì inú rẹ̀ ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́. Èyí tí bébà orí rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn ni nọ́ńbà 13. Aláwọ̀ búlúù ni 675, tí ẹ̀rọ alágbára ń lò. Tí ẹ bá ti ṣí bébà náà, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, bí ẹ lò ó bí ẹ ò lò ó. Ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tì í sínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì tọ́jú òmíràn sí dúrọ́ọ̀ tíṣà. Lálẹ́, kí òbí ṣí ilé bátìrì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ọ̀rinrin ló ń pa ẹ̀rọ wọ̀nyí ní ìlú tó wà létí ọ̀sà bíi tiwa. Bí ọmọdé kankan bá gbé bátìrì yìí mì, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró pé á bá ìgbẹ́ jáde.

Èrò mi lórí ọmọ tí wọ́n bí ní adití tí kò sì tíì ní èdè kankan lọ́mọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà le díẹ̀: ẹ má fi í sí kíláàsì tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ èdè ọwọ́, kí ẹ wá máa pe ìyẹn ní ìdàpọ̀. Ibi tí àwọn adití mìíràn wà ni kó ti kọ́kọ́ gba èdè. Bó bá ti ní èdè, ó lè wá sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú ògbufọ̀. Òbí tó bá fẹ́ kọ́ díẹ̀ lórí YouTube, kó wá ti Amẹ́ríkà, tó ń fi ọwọ́ kan ṣe álífábẹ́ẹ̀tì. Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà tó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, ló mú irú rẹ̀ wá, òun náà ni wọ́n ṣì ń fi kọ́ni. Ti Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba ń lo ọwọ́ méjì, kò ní bá ti ilé-ìwé mu.

Ojú

Àfín pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ojú wọn ò ríran jìnnà, wọ́n sì sábà máa ń fi ìyà jẹ wọ́n láìmọ̀. Awò ojú máa ń ran àfín lọ́wọ́ díẹ̀, kì í jẹ́ kó ríran bíi ti ẹlòmíràn. Kó gbé ìwé sún mọ́ imú kò ba ojú jẹ́. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dìde lọ bá pátákó láìtọrọ àyè, tàbí kí tíṣà fi fóònù ya ojú pátákó kí ọmọ náà fi ìka fẹ̀ ẹ́. Pátákó dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí kì í dán, sàn fún un ju pátákó funfun tó ń kọ mànà. Bó bá jẹ́ funfun lẹ ní, máákà dúdú ni kí ẹ lò, kí ẹ ju pupa àti àwọ̀ ewé nù. Kó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé.

Ìwé ìdánwò: lẹ́tà 18 ni kó kéré mọ. Bí ẹ bá ṣe fotokópì bébà A4 sórí A3, ó ń fẹ̀ ní ìdá 141 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́tà 12 á di bíi 17, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ẹni tó bá tẹ ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà kò nílò ìyẹn, kó kàn sọ lẹ́tà di ńlá. Ní àsẹ́ńbílì, ẹ fi í sí abẹ́ ìbòòji. Fìlà oníbèbè àti ẹ̀wù alápá gígùn kì í ṣe yẹ̀yẹ́ aṣọ ilé-ìwé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin ilé-ìwé kí tíṣà orí dúútì má baà já a lórí.

Fún ọmọ tí kò ríran rárá, ìṣòro tó tóbi jù ni àkókò. Ìwé tí tíṣà bá fẹ́ lò gbọ́dọ̀ tó ẹni tó ń kọ Braille lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ẹ̀rọ Perkins tí wọ́n fi ń tẹ Braille ní bọ́tìnnì mẹ́fà fún ojú àmì mẹ́fà, òun ló sì rọrùn jù fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 5. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó lè máa gbé e wọ kórópe lójoojúmọ́. Ẹ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì, kí iṣẹ́ àmúrelé jẹ́ lórí síléètì Braille àti stylus, ohun tí wọ́n fi ń gún àmì sí bébà. Àwọn yẹn ni wọ́n ń fi kọ ọ́ láti ọ̀tún wá sí òsì, tí wọ́n á wá yí bébà padà kí wọ́n tó kà á; ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń dàrú níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ń gba tíṣà tó jáde ní Federal College of Education (Special), Ọ̀yọ́, tó ti wà láti ọdún 1977, ẹ bi í léèrè ẹ̀ka tó yàn níbẹ̀ kí ẹ tó fún un níṣẹ́.

Wárápá

Kúkúrú ni mo fẹ́ sọ èyí, àmọ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́ ọ, títí kan géètìmáànù àti ìyá olóúnjẹ. Fófòó ẹnu ọmọ tí wárápá bá mú kò ran ẹnikẹ́ni. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnì kan sì máa wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ kó tó jí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Bó bá dáwọ́ dúró, oorun á máa kùn ún. Ẹ jẹ́ kó sùn, kí ẹnì kan jókòó tì í.

Ọmọ tí òye rẹ̀ ń lọ́ra, àti àǹtí tó jókòó tì í

Ìwé kan ṣoṣo tí tíṣà àti òbí jọ kọ ohun tí ọmọ náà á lè ṣe sí ti tó. "Ó máa mọ̀wé kà" kò wúlò níbẹ̀. "Kó tó di ìsinmi àárín sáà, á lè ka ọ̀rọ̀ onísílébù méjì mẹ́wàá fúnra rẹ̀" ni ẹ lè yẹ̀ wò. Mẹ́ta irú rẹ̀ fún sáà kan ti pọ̀. Fún ọmọ tí àyípadà òjijì ń dà láàmú, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní autism (ìpèníjà nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà), ẹ ya àwòrán ohun tí ọjọ́ náà á jẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un ṣáájú kí agogo tó dún.

Àwọn òbí tó lówó lọ́wọ́ máa ń gba àǹtí kan tí á máa jókòó ti ọmọ látàárọ̀ dalẹ́. Kò wù mí rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, àǹtí yìí ló ń kọ iṣẹ́, ló ń dáhùn, tíṣà á sì gbà pé ọmọ náà kì í ṣe tòun mọ́. Àwọn ọmọ yòókù kì í sún mọ́ ọmọ tí àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá pọn dandan, kó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó máa ran ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́ lọ́wọ́, kó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn nígbà tí tíṣà bá ní kó dé ibẹ̀.

Ìdánwò

WAEC máa ń fún ọmọ tó ní ìpèníjà ara ní àfikún àkókò, àmọ́ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ nígbà ìforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Bí ẹ bá dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ó ti pẹ́. Ní ti JAMB, ìgbìmọ̀ kan wà láti ọdún 2017 tó ń bójú tó àwọn tí kò ríran ní ibùdó tiwọn, Èkó sì wà lára wọn. Àfikún àkókò yìí, láti JSS 1 ni kí ẹ ti máa fún ọmọ náà nínú tẹ́ẹ̀sì yín, kó lè mọ bó ṣe máa lò ó. Bí ẹnì kan bá máa bá a kọ̀wé, kó má jẹ́ tíṣà iṣẹ́ tí wọ́n ń dánwò, kó sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ti jọ ṣe é rí. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe àmì ìdánudúró, bí wọ́n ṣe ń ní kí akọ̀wé pa ìlà kan rẹ́, àti bó ṣe máa ní kí ó ka gbogbo rẹ̀ padà kí àkókò tó lọ tán.